Àpò Sìmẹ́ńtì Lẹ́yìn Kábíyèsí

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọwọ́ alùpùpù tún gbọ̀n lónìí. Lórí afárá — Kábíyèsí níwájú, èmi lẹ́yìn. Ó dẹwọ́ lórí eré, abẹ́rẹ́ aago eré ń bọ̀ wálẹ̀ láti ọgọ́rin. Bó ṣe kan ọgọ́ta báyìí, ọwọ́ alùpùpù bẹ̀rẹ̀: ọ̀tún-òsì, ọ̀tún-òsì, bí ẹni tí òtútù mú. Mo rí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń fò. Ó tiraka, ó rí i dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

Ó ṣí akoto. Mo rò pé yóò béèrè bóyá mo ṣì wà láàyè. Ó ní, "O ò ṣe lè jókòó jẹ́ẹ́?"

Jẹ́ẹ́. Èmi tí mo gan mọ́ ìjókòó bí ìṣó.

Kábíyèsí ni ọkọ mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kì í bi léèrè ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Ó ti sọ ọ́ káàkiri àdúgbò. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, bóyá òótọ́ ni pé mò ń jó lẹ́yìn alùpùpù.

Ohun tí mo mọ̀: ẹ̀rọ yìí dàgbà ju ọmọ wa lọ. Tí Kábíyèsí nìkan bá gùn ún, ó ní kì í gbọ̀n. Tí mo bá wà lẹ́yìn, ó ń gbọ̀n — kì í ṣe nígbà tí eré ń gòkè, ìgbà tí eré ń rọlẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ohun tí Kábíyèsí mọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó mọ̀ pé ìdí mi ni.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọmọ rí iṣẹ́! Ilé iṣẹ́ oògùn ní òdìkejì afárá. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ni yóò bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn títí Kábíyèsí fi dìde lórí àga. Kò sí ọmọ òun tí yóò máa fún ara rẹ̀ mọ́ inú bọ́ọ̀sì, ó ní. Òun ni yóò máa gbé e lọ láràárọ̀. Mo ní, lórí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n yẹn? Ó ní, "Ọmọ fúyẹ́. Ọmọ máa ń jókòó bí ènìyàn."

Mo fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá nígbà tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò dé orókún mi. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, òkúta ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó fi ọ̀dà kọ "Dókítà Alùpùpù" sára ògiri rẹ̀, nítorí náà Dókítà ni. Kò gun ẹ̀rọ náà wò. Kò bi èmi tí mo wà lórí rẹ̀ nígbà tó gbọ̀n ní ìbéèrè kan. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà iwájú, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òfò, ó ní, "Iwájú ló ń gbọ̀n, iwájú ni àrùn wà." Lọ́sàn-án kan ṣoṣo ó pààrọ̀ táyà iwájú, ó pààrọ̀ bẹ́rìn rẹ̀, ó fún sípóòkù, ó sì fún nọ́ọ̀tù ọrùn ẹ̀rọ títí ó fi làágùn.

Ohun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan! Mo ti ń yẹ omi wò ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ omi láti ìgbà tí ikun ṣì ń ṣàn nímú Dókítà. Tí omi bá rùn, ohun kan la ń yí padà, a ó wò ó ná, kí a tó fọwọ́ kan òmíràn. Tí ẹ̀rọ yìí bá sàn, èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wò ó sàn? Mo béèrè bẹ́ẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín — sí Kábíyèsí, kì í ṣe sí mi. "Ọ̀gá, Màdáámú yín fẹ́ràn ìbéèrè o."

Kábíyèsí ní, "Yunifásítì ló fà á."

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ó tún gbọ̀n. Ọrùn rẹ̀ ti wá le débi pé kò fẹ́ yí mọ́. Bí ẹni tó ni ín gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10

Dókítà ti rí àrùn tuntun. Àwọn obìnrin kan wà, ó ní, tí wọ́n máa ń wúwo sí apá kan. Ọkùnrin yìí ní ìyàwó. Ó ní ìyá. Mo gbàdúrà fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́rú, 12

Òróró ẹ̀rọ kán sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Mo fi bébà Kábíyèsí nù ún — àwọn ìdì tó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òrùlé ló jò sí i, ó ní. Inú omi yẹn náà ló ti yọ̀ ṣubú tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi bó. Èmi ni mo sá bébà náà kún ilẹ̀ pálọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí aṣọ ọmọ tuntun. Títí dòní, tí mo bá tú ìdì kan, iyanrìn ń dà nínú rẹ̀. Mo tún ní láti gbá ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ti rò ó. Tó bá jẹ́ ìjó ni, ẹ jẹ́ kí a gbé ohun tí kò lè jó.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo gun òṣùwọ̀n níbi iṣẹ́. Aládùúgbò tó ń mọ ògiri yá mi ní àpò sìmẹ́ńtì kan. Mo fi àpò iyanrìn kékeré lé e títí òun àti èmi fi dọ́gba. Ọmọ wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ti fẹ́ ìyàwó fún Dádì!" Láti ìgbà náà, Ìyàwó Kejì lorúkọ rẹ̀.

Kábíyèsí kọ̀. Òun kò ní í gbé sìmẹ́ńtì kiri nítorí àríyànjiyàn obìnrin. Mo ní ó dáa: tí Ìyàwó Kejì kò bá mú ẹ̀rọ yín gbọ̀n, n ó lọ bá ìyá yín, n ó kúnlẹ̀, n ó ní ìdí mi ni, kí Dókítà ṣe ẹlẹ́rìí.

Ó gbà kí n tó pa ẹnu dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ọ̀nà tó lọ síbi adágún ilé iṣẹ́ wa. Ó gùn, ó tọ́, ọkọ̀ kì í sábà gba ibẹ̀. Dókítà wá, ó wọ ẹ̀wù mímọ́ bí ẹni tó wá gba àmì ẹ̀yẹ. Èmi fúnra mi ni mo so Ìyàwó Kejì.

Kábíyèsí lọ, ó yí padà, ó ń bọ̀ kíkankíkan. Níwájú wa gan-an ló ti dẹwọ́. Ọwọ́ alùpùpù gbọ̀n! Ó gbọ̀n débi pé Kábíyèsí na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Dókítà ti sá wọ inú koríko, tòun ti ẹ̀wù mímọ́ rẹ̀.

Ìyàwó Kejì jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, Kábíyèsí ní n kò so ó dáadáa. Mo fi okùn hàn án. Kò yẹ̀ níbì kankan. Ó fa okùn wò, okùn kò dá a lóhùn. Ó wá kọjú ìjà sí iyanrìn: iyanrìn ń rìn nínú àpò, ó ní.

Ohun kan ń yọ mí lẹ́nu bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀rù bà á. Inú bí i. Ṣùgbọ́n kò yà á lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Gbogbo wọn ń wo iwájú nítorí pé iwájú ló ń pariwo. Ẹ̀yìn ni ẹrù máa ń wà nígbà tó bá ń gbọ̀n. Ta ló wo ẹ̀yìn? Kò sẹ́nì kan.

Kábíyèsí ń sun oorun ọ̀sán. Èmi àti ọmọ gbé ẹ̀rọ náà dúró lórí sítáńdì àárín. Ọmọ di iwájú mú. Mo gbá táyà ẹ̀yìn mú, mo tì í sọ́tùn-ún, mo fà á sósì. Ó ń dún: kọ̀, kọ̀. Irin méjì tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ara alùpùpù ń yẹ̀ ní oríkèé wọn bí eyín tó fẹ́ yọ. Mo ṣe iwájú bákan náà: kò sí nǹkan kan.

Ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í wò. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mọ́mì, orí eléyìí ni Dádì fẹ́ kí n máa jókòó lé?"

Mo ní kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́rú, 19

Dókítà ní ẹ̀yìn kì í mi iwájú. Mo ní kó tú u. Ó wo Kábíyèsí. Kábíyèsí wo ilẹ̀. Ó tú u.

Búùṣì, òrùka tó wà nínú oríkèé, ti jẹ tán. Èyí tó kù kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Kò jọ pé gírísì débẹ̀ rí. "Ó ti pẹ́ tí èyí ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀," ni Dókítà wí, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n lójijì. Kábíyèsí jáde lọ gba ìpè lórí fóònù.

Dókítà fa bóòtù gígùn tó gba inú oríkèé náà kọjá yọ. Ó yí i lọ́wọ́. Ó tẹ̀. "Ìṣubú yẹn ló tẹ èyí," ó ní, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀.

Mo ní, ìṣubú wo?

Ó wò mí, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé gbé mì mọ́. Ọdún tó kọjá, ó ní, lórí afárá. Ọ̀gá ní kí òun má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, ta ló wà lẹ́yìn wọn?

"Kò sẹ́nì kankan o, Màdáámú! Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ìdì bébà lásán ni wọ́n gbé."

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo gbọn iyanrìn inú bébà sínú àwo, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Èérún kóótà wà nínú rẹ̀, ti ojú títì. Òrùlé kì í jo kóótà.

Bébà kì í jó ijó pẹ̀lú, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà gbé e ṣubú. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí mo fi Ìyàwó Kejì ṣe, ọkọ mi ti ṣe é ṣáájú mi. Ó ti ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tó ń dá ìdí mi lẹ́bi fún oníbúrẹ́dì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Búùṣì tuntun, bóòtù tuntun. Ọ̀nà adágún. Ìyàwó Kejì lẹ́yìn, láti ọgọ́rin títí ó fi dúró: kò gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kejì: kò gbọ̀n. Ó tọ́ bí okùn tí a fà.

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, Kábíyèsí dúró lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. "A ti kọ́ Màdáámú bí wọ́n ṣe ń jókòó!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ìyẹn ti bà á lẹ́rù.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ọmọ ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní yàrá. Mo bi Kábíyèsí léèrè: "Kí ló wà lẹ́yìn yín lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú lórí afárá?"

Mo retí pé yóò ní, ìṣubú wo. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn, odindi. Ó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n.

Gbogbo oṣù yìí ni mo ti ń kà á sí òmùgọ̀ nínú ìwé yìí. Oore ni mo ń ṣe fún un. Òmùgọ̀ kò mọ̀. Èyí mọ̀, ó sì fẹ́ gbé ọmọ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́ Ajé, 24

Kábíyèsí tètè jí, ó fọ alùpùpù, ó nù ún títí ó fi ń dán. Ó wọlé lọ wọ bàtà. Èmi àti aládùúgbò gbé Ìyàwó Kejì sórí ìjókòó ẹ̀yìn, mo so ó bí mo ṣe máa ń so ó.

Ó jáde. "Kí nìyí?"

Mo ní, "Ẹni tó lè máa bá yín lọ nìyẹn. Kì í jó. Kì í sì í béèrè nǹkan."

Èmi àti ọmọ rìn lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò. Kábíyèsí ń tẹ fèrè lẹ́yìn wa. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. A rí àga lẹ́bàá fèrèsé. Bọ́ọ̀sì gun orí afárá, irin kúkúrú yẹn ń sá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ rẹ̀ tuntun kó má rún.

"Mọ́mì," ó ní, "ṣebí ẹ sọ pé ó ti dára?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Alùpùpù ti dára.