Bí Mo Ṣe Lọ Kí Òkú Olókùú

Táyíbù ọmọ Yàsínì, ọmọ tí mo gbé léjìká sọdá odò Náílì,

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀, kó má bá ọ lórí àìsàn, kí àwọn ọ̀tá rẹ ní Káírò máa rí ọ lókèèrè, kí ọwọ́ wọn má tó ọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Fátíyà aládùúgbò wa kí ọ, ó ní ṣé o ti sanra. Mo ní n kò lè mọ̀, pé láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ ni ojú kò ti kan ojú, ọdún Iléyá méjì ti kọjá, èmi nìkan ni mò ń gbé búrẹ́dì lọ sí ibojì náà bí ẹni tí kò bímọ. Mi ò bá ọ jà o. Ohun tí mo sọ fún Fátíyà ni mò ń sọ fún ọ.

Ẹ̀bùn tí o fi ránṣẹ́ dé. O ní níwọ̀n bí iṣẹ́ kò ti jẹ́ kí o lè wálé, kí n ṣe arìnrìn-àjò fún ọjọ́ kan, kí n wọ ibojì àwọn ará àtijọ́ bí àwọn òyìnbó ti ń ṣe, kí n gbádùn ara mi. O ṣeun. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí fóònù, àwòrán kékeré kan ni mo bá níbẹ̀, dúdú pẹ̀lú funfun, játijàti bí ẹní tí eku jẹ. Mo rò pé ara fóònù ni kò yá, mo fi aṣọ tútù nù ún, mo gbé e sábẹ́ igi kó sinmi. Ọmọ Fátíyà ló ní Màmá, tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ìwọ náà mọ̀ pé kí ìjọba tó kó wa kúrò lórí òkè, inú irú ibojì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé wa ni mò ń kó àlùbọ́sà sí. N kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ń wọ bàálù wá wo ilé àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n ibojì ni ibojì ń jẹ́, a kì í sì í lọ kí òkú lọ́wọ́ òfo. Mo po ìyẹ̀fun, mo gbé e sóòrùn kó wú bó ṣe yẹ, mo yan búrẹ́dì, mo di dàbínù, mo gé imọ̀ ọ̀pẹ, mo wọ aṣọ dúdú mi.

Lẹ́nu ọ̀nà ibojì náà, ẹ̀rọ kan wo fóònù mi, ó sì ké bí òròmọdìẹ. Mo ní ìwọ náà pẹ̀lẹ́ o. Èmi àti ọ̀wọ́ òyìnbó kan àti afinimọ̀nà wọn bá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Mo ní kí àlàáfíà máa bá yín, ẹ̀yin ará ilé yìí. Bí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, iná tàn! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Òkú náà ló dá mi lóhùn, Táyíbù. Ó ti ń retí ẹni tí yóò kí i láti ọjọ́ yìí wá, àwòrán lásán ni àwọn àlejò ń yà, wọn kì í kí èèyàn.

Mo tẹ́ aṣọ, mo jókòó, mo ṣàdúrà ṣókí. N kò mọ ẹ̀sìn rẹ̀, nígbà ayé rẹ̀ Ànábì kò tí ì dé, Ọlọ́run ló mọ bí yóò ṣe gbà á. Mo wá ń pín búrẹ́dì àti dàbínù fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ kí àánú lè bá olóògbé. Àwọn òyìnbó ń gbà, wọ́n ń jẹ. Ni Sàbìrì, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, bá sáré dé, jàlàbíà rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó ní Àlájà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́ ni, a kì í jẹun níbí! Mo ní ta ló ń jẹun, sàráà ni. Ó ní sàráà ta ni, ọkùnrin yìí ti kú kí wọ́n tó bí baba ńlá baba ńlá yín. Mo ní ìdí nìyẹn tí ebi fi ń pa á tó báyìí. Mo nawọ́ sí ògiri fún un. Ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ló jókòó níbẹ̀, ọ̀dà ara wọn ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún, ọmọ wọn ọkùnrin dúró níwájú wọn, ó ń gbé búrẹ́dì àti pẹ́pẹ́yẹ fún wọn. Mo ní Sàbìrì, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n jẹun nílé òun, ṣé á ya oúnjẹ sára ògiri? Ó gba búrẹ́dì tirẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ gbọ́n o. Wọ́n ya ọmọ mọ́ ògiri kó má baà ríbi sá lọ.

Obìnrin òyìnbó kan ní kí afinimọ̀nà bi mí bóyá mo bá olóògbé tan. Mo ní rárá o, ọmọ rẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ fún ní Káírò, òun ni mo dúró fún. Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ó bèèrè orúkọ ọmọ ọ̀hún. Mo ní Táyíbù. Má bínú, ẹnu mi ló yọ̀. Ó yà mí sínú fóònù rẹ̀, ó ní gbogbo ayé ni yóò rí i. Bí wọ́n bá ń wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní títì, má fòyà, ohun tó fà á nìyẹn.

Nígbà tí a jáde, mo ní bó bá jẹ́ pé ibojì ni wọ́n fẹ́ràn tó báyìí, èmi náà ní ọ̀kan. Wọ́n tẹ̀lé mi, gbogbo wọn! Sàbìrì náà ti ṣíwọ́, ó tẹ̀lé wa, ó gbá yanrìn kúrò lórí ibojì bàbá rẹ, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ lélẹ̀. Àwọn òyìnbó jókòó yí bàbá rẹ ká, wọ́n jẹ dàbínù tó kù. Ilé Yàsínì kún lọ́jọ́ náà. Ará Jámánì wà níbẹ̀, ará Jàpáànù wà níbẹ̀, ará Káírò nìkan la ò rí.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Iléyá ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo ti bá Sàbìrì sọ ọ́ pé bí ọmọ mi kò bá wá, kó wá bá mi ṣe ọmọ Yàsínì. Ó gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣọ̀fẹ́. Ó ní owó ilẹ̀ gbígbá ọ̀tọ̀, owó búrẹ́dì gbígbé ọ̀tọ̀, bó bá sì jẹ́ pé kí òun sunkún ni, ẹ̀kúnwó wà, nítorí ojú òun kì í tètè ṣomi. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó Sàbìrì ránṣẹ́, má sì yọ nínú rẹ̀. Bó bá pọ̀ ju owó ọkọ̀ ojú irin láti Káírò dé ọ̀dọ̀ wa, ìwọ lo kàwé, ìwọ ni kí o ṣírò rẹ̀. Àmọ́ tètè ṣe é, torí ó ti ń pè mí ní Màmá, ọbẹ̀ mi sì ti ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lọ, ṣọ́ ọ bọ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní dojú rú. Mo máa pẹ́ láyé, ìwọ ni wàá sì sin mí, kì í ṣe Sàbìrì.

Èmi ni,
Ìyá Táyíbù