Eyín Tí Mo Rí Lẹ́bàá Ọkọ̀ Ekeno

Asekon ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Nairobi? Ṣé wọ́n ń rí wàrà gidi fún ọ mu níbẹ̀? Kí Akuj, Ọlọ́run wa tó ni òjò, má ṣe jẹ́ kí ọ̀fun rẹ gbẹ, kí àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ sì fẹ́ràn rẹ ju bí ìyá rẹ ṣe fẹ́ràn mi lọ́sẹ̀ yìí lọ. Ó ní kí n kí ọ, àmọ́ ẹ̀yìn ló kọ sí mi nígbà tó ń sọ ọ́.

O mọ̀ pé akọ màlúù mi pupa sọnù láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Bí wọ́n bá ń pè mí ní Apaloreng, bàbá màlúù pupa, tí kò sì sí màlúù pupa kankan mọ́, ta ni wọ́n ń pè? Ó dùn mí débi pé n kò lè kọ orin tí mo fi ń pè é mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo lọ gba ẹja lọ́wọ́ Ekeno ọ̀rẹ́ mi létí adágún, mo sì rí eyín ńlá kan nínú iyanrìn lẹ́bàá ọkọ̀ rẹ̀. Ó dúdú, ó sì wúwo. Eyín màlúù kì í dúdú, mo bá mọ̀ pé sísè ni Ekeno se orí màlúù mi nínú ìkòkò tó dé pinpin títí eyín fi di òkúta, nítorí olè kì í fẹ́ kí òórùn ọbẹ̀ jáde.

Mo gbé eyín lọ sábẹ́ igi àwọn àgbà, mo sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé Ekeno ti jẹ orúkọ mi. Ekeno rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹja ni òun ń jẹ láti kékeré, bí màlúù odindi bá wọ inú òun, gbogbo ìlú ni ì bá gbọ́ ariwo. Ó ní ká gbé eyín náà lọ bá Kemunto, ọmọbìnrin tó pàgọ́ létí adágún, tó ń ṣa egungun bí ẹni ṣa igi ìdáná.

Kemunto fi irin kan tó ń yanu bí ẹyẹ wọn eyín náà. Ó fi orí rẹ̀ hàn wá, ó ní bí ewé mẹ́ta tó so pọ̀ ni ojú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni ti màlúù ń jọ. Ó ní eyín erinmi ni, ilẹ̀ ló sọ ọ́ di òkúta, kì í ṣe ìkòkò. Mo bi í pé ta ló ni erinmi náà. Ó ní kò tíì sí èèyàn láyé nígbà yẹn. Mo ní ṣé Ekeno gan-an kò tíì sí? Ó ní Ekeno kò tíì sí. Bí ẹjọ́ mi ṣe tú nìyẹn.

Kemunto wá fi fóònù ya àwòrán eyín náà, ó ní ó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun ní Nairobi. Mo wò ó, eyín ṣì wà lórí tábìlì. Mo ní bí eyín bá lè wà níbi méjì, ó yẹ kí màlúù lè wà níbì kan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi màlúù mi sínú fóònù náà. Ó ní òun kò lè ya ohun tí kò sí, bóyá kí n kọrin rẹ̀. Mo kọ ọ́, omi ń bọ́ lójú mi, fóònù sì gbé e mì.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn orin náà, wọ́n ń jẹ́ kí fóònù máa kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa eyín kiri. Asekon, inú igbó ẹ̀gún lẹ́yìn àgọ́ wọn ni màlúù mi ti gbọ́ orin rẹ̀, tó sì jáde, ó sanra ju èmi lọ. Inú mi dùn, àmọ́ ọ̀dọ̀ fóònù ló sá lọ, kò tilẹ̀ wojú mi. Títí di òní, Kemunto ló ń tẹ̀ lé.

Nítorí náà, ra fóònù kan ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n ti fi orin mi sínú rẹ̀ láti ọjà. Kemunto ń padà sí Nairobi lóṣù tó ń bọ̀. Bí o bá rí màlúù pupa lẹ́yìn rẹ̀ ládùúgbò, pe orúkọ mi, yóò dúró. Fi owó ṣúgà àti tábà ìyá rẹ kún un, bóyá yóò yíjú sí mi. Tún fi owó ewúrẹ́ kan sí i. Ekeno ní ẹyin lohùn, èyí tí mo fọ́ lábẹ́ igi nígbà tí mo pe òun lólè, ewúrẹ́ nìkan ló lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó ní orí ewúrẹ́ náà ni òun fẹ́ sè jẹ, òun yóò sì kó eyín rẹ̀ wá fún mi lójú àwọn àgbà, kí n kà á, kí n gbà pé ó pé.

Kí Akuj pa ọ́ mọ́. Kí eyín kankan má ṣe dín lẹ́nu rẹ, yàtọ̀ sí méjì ìsàlẹ̀ tí àwa fúnra wa yọ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa.

Èmi ni bàbá rẹ, tó tún ti ń jẹ́
Apaloreng