Dẹ́rẹ́bà Tí Ó Gba Ojú Ọ̀run Wá

Adépéjú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Festus ọkọ rẹ, mo sì kí Tiwátọ́pẹ́, ọmọ-ọmọ mi tí n kò tíì gbé rí. Lokogoma tí ẹ ń gbé ńkọ́? Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Olúwa tí ó gbé yín dé Àbújá kò ní gbàgbé ojúlé yín. Orúnkún ìyá rẹ ti san díẹ̀, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì.

Òjó dẹ́rẹ́bà gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o fi rán an dé ọ̀dọ̀ wa. A tàn án, a ṣí àwòrán ìsọmọlórúkọ tí o kó sínú rẹ̀, àyà wa sì já. Ojú ọmọ náà dà bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró, ètè rẹ̀ sì rí bí ewé. Ìyá rẹ ní ara ọmọ yìí kò yá, ẹ ń fi í pamọ́ fún wa ni. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èmi náà gbà á, n kò jẹ́ kó mọ̀. N kò pè ọ́ lórí fóònù nítorí ẹ̀rù ohun tí o máa sọ ń bà mí.

Lọ́jọ́ kẹrin mo lọ pe Oyèbísí, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà ní ilé-ìwé girama. Ó wò ó títí, ó ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ, dẹ́rẹ́bà kọ̀ǹpútà ló ti gbó, ni àwọ̀ kò fi pé, àfi ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àánú Òjó ṣe mí. Mo lọ bá a ní gáréèjì, mo rọra sọ fún un pé wọ́n ní ó ti gbó, kó má bínú. Ó ní ọdún méjìlélógójì péré ni òun, ó sì tẹ̀lé mi wálé láti wá bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ òun. Oyèbísí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní dẹ́rẹ́bà tí òun ń wí kì í ṣe ènìyàn, inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, òun ló ń júwe àwọ̀ fún gíláàsì rẹ̀, tuntun yóò sì gba inú afẹ́fẹ́ wá sórí fóònù òun, kó tó bọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

A dúró. N kò rí mọ́tò, n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Gíláàsì ṣú, Òjó ṣí fìlà. Nígbà tó tún mọ́lẹ̀, Adépéjú, mo rí ọmọ! Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyá tó bí mi. Ìyá rẹ kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo kí dẹ́rẹ́bà náà kú ìrìn, mo bèèrè ohun tí yóò jẹ. Oyèbísí ní kì í jẹun. Láti ojú ọ̀run, ọmọ mi, kò sì bèèrè omi mímu!

Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan mìíràn. Nínú àwòrán náà, níbi tí o ti gbé ọmọ dání, ewú ti wà lẹ́bàá etí rẹ. Aró yẹn ló bò ó tẹ́lẹ̀. Ìgbà wo ló hù, tí n kò sí níbẹ̀?

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ, iṣu wà nílé. Owó ọkọ̀ èmi àti ìyá rẹ dé Àbújá ni. Kí ewú náà pọ̀ títí orí rẹ yóò fi funfun báláú, kí Tiwátọ́pẹ́ sì máa bá ọ dì í. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.