Ọ̀rá Tí Kì Í Ṣe Ọ̀rá Gbé Bàbá Rẹ Dìde ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Karla, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o wà dáadáa ní Ṣikágò níbẹ̀ yẹn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ wa nínú yìnyín Áyówà á máa ṣọ́ ìwọ náà láàárín èrò. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ńlá ti bímọ, àgbàdo ti wọ àká, àwa náà ń mí.

A rí pòtétò díndín tí o fi ránṣẹ́ gbà, ọmọ á ṣe tìrẹ náà fún ọ. Mo mọ̀ pé nítorí ọkàn bàbá rẹ lo ṣe rà á, torí dókítà ní bó bá tún fẹnu kan ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, kí n lọ máa wá aṣọ ọ̀fọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí pé kò sí ọ̀rá jíjẹ nínú ẹ̀, síbẹ̀ ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Bàbá rẹ ní ọ̀rá tí kì í ṣe ọ̀rá ni, pé ńṣe ló máa ń gba inú kọjá bí àlejò tí kò jókòó. Èmi wá rò ó pé ẹni tó jẹ ohun tí kò ní nǹkan nínú kò tíì jẹun, ni mo bá jẹ́ kó jẹ odidi ọ̀rá ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo sì gbé ẹyin àti búrẹ́dì lé e. Wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sẹ́yìn ẹ̀ pé ó lè mú kí inú run ènìyàn, kí ìgbẹ́ sì máa ṣàn. Mo ní àwọn wọ̀nyí mà ro tiwa o, oògùn ni wọ́n fi ṣe èènì! Ìwọ náà mọ bí bàbá rẹ ṣe ń pẹ́ nílé ìgbẹ́ kí nǹkan kan tó jáde.

A dé ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà ìkórè ni Pásítọ̀ Lindgren ti ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, tí gbogbo wa ń wo bàtà wa. Ó ní kí ẹni tí Ẹ̀mí bá ń tì dìde. Karla, bàbá rẹ dìde. Òógùn bò ó, omi lé lójú ẹ̀, ó ń sáré lọ síwájú, nítorí ẹ̀yìn pẹpẹ ni ilé ìgbẹ́ wà. Pásítọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn gbágbá, ó ní, “Bàbá Karla, ó ti pẹ́ tí a ti ń retí yín.” Bàbá rẹ ní, “Pásítọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀, mi ò lè dá a dúró mọ́.” Gbogbo ìjọ ṣe Àmín, akọrin gbé orin.

Èyí tó kù, mi ò ní kọ ọ́. A ti sun ṣòkòtò yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ láti jẹ́wọ́ pé inú ni, kì í ṣe Ẹ̀mí. Àmọ́ àwọn ọmọ ti jókòó dè é, ọmọdébìnrin kan sì bi í pé kí ni Nóà fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọkọ̀. Karla, ta ni ìbá tún dáhùn ìyẹn? Títí àwọn ìyá wọn fi wá kó wọn, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, òun ló ń jí mi fún ìsìn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ṣòkòtò mìíràn, kó jẹ́ aláwọ̀ tó lè bo àṣírí. Má fi pòtétò yẹn ránṣẹ́ mọ́, àfi ọ̀rá kan péré fún Arákùnrin Dwight, káfíńtà wa, tó ṣì jókòó pa nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe.

Ohun yòówù tó bá gbé ọ dìde láyé, Ọlọ́run á jẹ́ kó gbé ọ débi ire.

Èmi ni ìyá rẹ,
Verna