Obì Mi Ló Máa Gbé Mi Dé Gánà

Ọjọ́bọ̀, Òkè Baálẹ̀

"Ta ló ń wọkọ̀ lọ síbi tó ti máa ṣiṣẹ́ tí wọn ò ní sanwó fún un? Bísí, ṣé orí ẹ pé?"

Bí Dádì ṣe pariwo mọ́ mi nìyẹn, gbogbo àwọn tá a jọ ń gbélé ló gbọ́. Mo kàn ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni mo kọ kí iléeṣẹ́ ṣokoléètì ní Gánà tó ní kí n wá kọ́ṣẹ́ fóṣù mẹ́ta. Wọ́n á fún mi ní yàrá, owó ọkọ̀ ló kù. Ọmọ olóko kòkó ni mí, mi ò sì mọ bí kòkó ṣe ń di ṣokoléètì! Ó mà ń dùn mí o.

Ṣùgbọ́n mo ní igi obì kan lábúlé wa nítòsí Iléṣà. Ìdí ẹ̀ ni Màmá Àgbà ri ìwọ́ mi mọ́, tèmi ni. Àwọn oníṣòwò obì sì máa ń sanwó obì tí igi máa so fún ọdún mẹ́ta sílẹ̀.

Lọ́la, màá ní mo fẹ́ lọ kí Màmá Àgbà lábúlé. Màá gba owó obì mi. Dádì ò ní gbọ́. Màmá Àgbà gan-an ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.