Mo Jẹ̀bi Ọfà, N Kò Jẹ̀bi Àkàtàǹpó

Abà Ògúnjìmí,
Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 1975.

Ọládùnní ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọfà àkàtàǹpó jẹ́, nítorí ó hàn nínú lẹ́tà rẹ pé Èkó ti mú un kúrò lórí rẹ. Ọfà àkàtàǹpó ni ọ̀pá kúkúrú tó ní ẹnu mímú níwájú, tó ní ìyẹ́ lẹ́yìn, tí ọsán, ìyẹn okùn ọrun, máa ń tì lọ nígbà tí a bá tú u sílẹ̀. Àkàtàǹpó fúnra rẹ̀ ni ọrun tí a dè mọ́ orí igi, tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà sí lára kí ọfà lè sùn lé e. Ọrun kì í gún ẹnikẹ́ni. Ọfà ló ń gúnni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dá ẹjọ́, ọfà ni kó pè.

Ó dáa, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ìsọlọ̀? Ṣé iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn kò mú kí ìka máa dùn ọ́? Ọ̀nà Òṣòdì tó ń gbé ọ lọ láràárọ̀ yóò máa gbé ọ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì. Òrùlé ilé ìdáná jò, mo ti fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Èjìká ọ̀tún mi ṣì wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní Alhaji Yẹ̀kínì onílé yín kò fẹ́ gbúròó àkàtàǹpó náà mọ́, pé kí n gbé e fún Abíọ́nà awakọ̀ kó gbé e wá kí o tà á. Àkàtàǹpó náà kò ní padà sí Èkó. Mo kọ ìyẹn gàdàgbà kí o má baà sọ pé o kò rí i.

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Nígbà tí ọ̀gá rẹ òyìnbó ń lọ sílé, tó pín ẹrù rẹ̀, tí o sì fi àkàtàǹpó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nítorí ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi, ọfà onírin mẹ́ta wà nínú páálí náà, wọ́n ń dán bí ìkòkò tuntun. Mo sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí àjà. O mọ bí a ti ń ṣe é nílé bàbá mi: apá ló ni ọfà, láti ìgúnpá ẹni tó máa ta á dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n, ẹlòmíràn kì í sì í ta á, nítorí ọfà ẹlòmíràn kì í gbọ́ràn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì gé ọfà fún bàbá rẹ títí ó fi kú, kò tàsé. Mo bá fi igi imọ̀ ọ̀pẹ gé mẹ́fà ní ìwọ̀n apá mi, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ wá hàn ọ́ ní Ìsọlọ̀.

Ìyókù ṣojú rẹ. Mo ki ewé sínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilé yín kí n fi ṣe àmì, mo ta á, ọfà fò kúrò lójú ọ̀nà, ó fo ògiri, ó wọ inú táyà Pijó tuntun Alhaji. Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó wo táyà, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, wọ́n ti kéde lórí rédíò pé ogun ti parí o." Gbogbo ayálégbé rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín, mo rí ọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọfà tó wọ táyà ì bá wọ ojú ọmọ ènìyàn.

Bí mo ṣe délé, mo gbé ìwé inú páálí náà lọ bá Tíṣà Ọlọ́runyọmí kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Àwòrán òyìnbó kan wà níwájú rẹ̀, ó wọ dígí. Mo káàánú rẹ̀ pé ojú ń dùn ún, ó sì tún ń ṣọdẹ. Tíṣà ní ojú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, kí èéfọ́ ọfà má baà wọ̀ ọ́ lójú ló ṣe wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà dígí ìkàwé Tíṣà ni mo ń yá, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ta ọfà, òkìtì amọ̀ kan máa ń di méjì lójú mi, mo sì ti dá a padà fún un. Ìwé kékeré kan tún wà tí wọ́n ní kí ẹni tó ni ọjà kọ nǹkan sí, kó fi ránṣẹ́. Mo kọ ọ́. Wọ́n bi mí ní ibi tí mo ti rà á, mo ní n kò rà á, ọmọ mi ló fún mi. Ibi tí wọ́n ti béèrè nọ́ńbà, mo kọ nọ́ńbà ilé yín. Mo kí ẹni tó ṣe ọrun náà, mo kí àwọn ìyàwó rẹ̀, kò tíì dá mi lóhùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkókò ìkórè ni lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tí Tíṣà kà fún mi ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Àkàtàǹpó yìí ló ni ìwọ̀n ọfà rẹ̀, apá mi kò sí níbẹ̀. Ẹnu ọfà gbọ́dọ̀ yọ kọjá òpin ojú ọ̀nà. Tèmi kúrú, ẹnu rẹ̀ sùn sínú igi, ibẹ̀ ló ti há kó tó fò. Ìdí ọfà òyìnbó ní ihò tí ọsán ń wọ̀. Ìdí tèmi pẹrẹsẹ, ọsán sì gun orí rẹ̀ kọjá. Ìyẹ́ mẹ́ta ló ní, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ló ń kọjú sísàlẹ̀ sínú ojú ọ̀nà.

Ìwúwo ló tún burú jù. Mo kó ọfà tèmi àti ọ̀kan nínú ti òyìnbó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìṣẹ́yìn, nítorí òṣùwọ̀n tó bá mọ ìwúwo ìwé kò ní ṣi ọfà wọ̀n. Akọ̀wé ní lẹ́tà nìkan ló wà fún. Mo ra sítáǹbù kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọfà, mo ní ó ti di lẹ́tà. Ó wọ̀n ọ́n. Méjì tèmi ni kò tó ọ̀kan ti òyìnbó. Bí ọfà bá fúyẹ́ jù, agbára tó yẹ kó bá ọfà lọ yóò padà sínú apá ọrun, yóò sì là á. Ọrun tí kò rí ẹrù gbé á gbé ara rẹ̀ lulẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni mo ti bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo gbé ọfà méjèèjì sí ẹnu rẹ̀ kí o fojú ara rẹ rí ìyàtọ̀ wọn, o ń pè pé, "Màmá, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ sọ̀rọ̀." Kí ni kí n tún sọ nígbà tí nǹkan wà níwájú rẹ? Akọ̀wé ní o kò lè rí i. Ohùn tó wúwo gba inú wáyà kọjá láti Èkó, ojú tí kò wúwo ni kò ní lè gbà á? O rí i. O kò fẹ́ gbà ni.

Mo wá gun àjà, mo kó ìyókù ọfà ẹlòmíràn sọ̀kalẹ̀. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ bàbá mi, mo kọjú sí òkìtì amọ̀ lẹ́yìn oko níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà, mo ta á. Ó lọ tààrà bí ẹni tí a rán níṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo ta á.

Abíọ́nà dé lánàá. Ó ní ìwọ lo rán òun, kí n má jẹ́ kí òun pẹ́. Mo mú un dé oko ẹ̀gẹ́, mo ní kó dúró sẹ́yìn mi, kó má mira. Nígbà tí ọ̀yà yọ, mo ta á, ibi tí ọ̀yà dúró sí náà ló ṣubú sí. Abíọ́nà lọ gbé ọ̀yà náà, ó wá ní, "Ìyá, kí ni kí n sọ fún Ọládùnní?"

Mo ní, "Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ jẹ̀bi ọfà, kò jẹ̀bi àkàtàǹpó. A kì í sun ilé nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kò bá ìlẹ̀kùn mu."

Ọmọ mi, láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, èjìká mi kò fa ọrun àtijọ́ mọ́. Èyí ni mo lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí n fi okùn ìfà rẹ̀ fa ọsán. Mo tún di ẹni tó ń ṣọ́ oko ara rẹ̀. Bí o bá gbà á lọ́wọ́ mi, ó ku kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa ka àwọn tó ń kọjá. N kò tíì ṣe tán láti jókòó.

Abíọ́nà yóò kó iṣu mẹ́wàá fún Alhaji nítorí táyà rẹ̀, yóò gbé itan ọ̀yà fún ọ. Fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ ní ìlú rẹ̀, kó bá mi ra ọfà mẹ́fà irú ti inú páálí. Okùn tó wà nínú lẹ́tà yìí ni gígùn wọn, mo sì ti da ìwúwo wọn tí akọ̀wé kọ fún mi kọ sí ẹ̀yìn ìwé yìí. Kí o tún fi owó díẹ̀ ra irú dígí tí àwọn tó ń lọ irin máa ń wọ̀ ní Òṣòdì fún mi. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò bá ibi tí o fojú sí. O kò ní fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ. Wàá bí ọmọ tó máa kọ ìwé líle sí ìwọ náà.

Èmi ìyá rẹ,
Àrìnkẹ́.

Nígbà tí ọfà mẹ́fà náà bá dé ọwọ́ rẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ, má tíì dì wọ́n. Yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí tábìlì tó tẹ́jú, kí o jẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Èyí tó bá ń yí wọ́ọ́rọ́, fi í ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó bá ń ta gìrì, dá a padà fún ẹni tó tà á.