Fíìmù Tí Kò Lóhùn Tó Yí Bàbá Lọ́kàn Padà

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí Bàbá, mo kí Ẹ̀gbọ́n Síkírà àti àwọn ọmọ. Ara mi le, àfi òjò Dublin tí kì í sinmi. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ìyá Nóra, arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Huntstown, ti sọ mí dọmọ.

Ẹ ti lọ sí àsàlátù nígbà tí mo pe Bàbá lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi ròyìn.

Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Sùlè, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Ballycoolin níbí, ti ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Bàbá sì ní ọmọ ilé ọba kì í fẹ́ ọmọ alápatà. Mi ò gba Sùlè, mi ò sì kọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti Ìyá Nóra lórí àga onítáyà rẹ̀ lọ wo fíìmù àtijọ́ kan ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Fíìmù náà ò lóhùn. Ẹnu wọn ń mì lásán ni. Obìnrin kan ń tẹ dùùrù níwájú, ọ̀rọ̀ wọn á wá jáde ní kíkọ. Ojú Ìyá Nóra ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mò ń kà á sí i létí. Ọmọ ọba ilẹ̀ Yúróòpù kan ló fẹ́ràn ọmọbìnrin aránṣọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní àfi kó fẹ́ ọmọ ọba bíi tirẹ̀. Nígbà tó ń bá ìyàwó tí kò wù ú wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, mi ò mọ̀gbà tí mo pariwo pé, "Bọ́ sílẹ̀ ńbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí! Kò kúkú bọ́ sílẹ̀. Ó kọjá lára aránṣọ lẹ́bàá ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìyá Nóra ò rẹ́rìn-ín. Bá a ṣe ń lọ sílé, ó ní bàbá òun náà ò jẹ́ kí òun fẹ́ ẹni tó wu òun, torí pé kò nílẹ̀ oko. Ọkùnrin náà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ní ilẹ̀ oko bàbá òun ṣì wà níbẹ̀, koríko ló kún un.

Bí mo ṣe délé, mo pe Sùlè, mo ní mo gbà. Ariwo ayọ̀ tó pa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù!

Ọjọ́ kejì ni mo pe Bàbá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan fíìmù náà. Wọ́n wá bi mí bóyá ọmọ ọba yẹn padà sọ́dọ̀ aránṣọ. Mo ní rárá. Wọ́n ní, a jẹ́ pé ọmọ ọba yẹn gọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ará ilé Sùlè máa bọ̀, kí wọ́n sì mú ẹran tó dáa dání, ṣebí alápatà ni wọ́n.

Màámi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè gbogbo wa, ẹ ó gbọ́mọ jó láìpẹ́. Ẹ bá mi kí tàgbà tèwe.

Èmi ni, ọmọ yín,
Rìskátù